Gbà-máà-bínú Tàbí Gbèsè? Ọ̀rọ̀ Lórí Ilẹ̀ Tí Ìjọba Bá Bù Lò

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí ní oṣooṣù, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a fi sùúrù gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ó ń kan ilé púpọ̀ láàrin wa, síbẹ̀ a kì í sábà gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ilẹ̀ tí ìjọba bá gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá, a máa ń rí àmì pupa tí a fi ọ̀dà kọ sára ògiri ilé, láti fi hàn pé ọ̀nà tí a fẹ́ mú fẹ̀ yóò gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà mìíràn gbogbo ilé ni yóò lọ. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, apá kan ni: yàrá iwájú, ìsọ̀ tí ó kọjú sí títì, àárín oko kòkó, tàbí igun kan nínú ọgbà ìjọ.

Owó tí ìjọba ń san nítorí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ń pè ní owó gbà-máà-bínú. Àwọn àgbà ní, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. N kò mọ irú ilé tí ẹni tí ó sọ owó yìí lórúkọ wò, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù pé orúkọ náà ti ṣi púpọ̀ nínú wa lọ́nà. Gbà-máà-bínú ni ohun tí a fi ń pẹ̀tù sí ọkàn ẹni tí inú ń bí. Ẹni tí ó ń fúnni ni ó ń pinnu bí yóò ti pọ̀ tó. Ẹni tí ó gbà á, ọpẹ́ ni a ń retí lẹ́nu rẹ̀. Gbèsè kò rí bẹ́ẹ̀. Gbèsè ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. A kì í wọ̀n ọ́n bí ó ti wu ajigbèsè, bí kò ṣe bí ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ti tó. Bí ó bá sì san án tán, kò sí ẹni tí yóò máa yìn ín pé ó lawọ́. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa nìyí: nígbà tí ìjọba bá bù nínú ilẹ̀ ènìyàn, ṣé gbà-máà-bínú ni ó yẹ kí ó fún un, tàbí gbèsè ni ó jẹ ẹ́?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń sọ pé ìjọba kò ní àṣẹ láti gba ilẹ̀ rárá. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ́ wa nínú Ìwé sí Àwọn Ará Róòmù, orí 13, pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni aláṣẹ jẹ́ sí wa fún rere. Ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní ọdún 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, kì bá tí dé ibẹ̀ láéláé bí ẹni tí ó ni oko kan ṣoṣo lójú ọ̀nà bá lè dí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, àti omi ẹ̀rọ. Àwọn bàbá wa pẹ̀lú mọ èyí, nítorí pé kò sí ìlú tí ó lè ní ọjà tàbí ojú ọ̀nà bí ìdílé kan kò bá yọ̀ǹda ilẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a ní àṣẹ láti gba nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí a gbà á lọ́nà òdodo.

Ìwé Mímọ́ fi ọba méjì hàn wá tí wọ́n fẹ́ ilẹ̀ ẹlòmíràn. Èkíní ni Áhábù, tí ìtàn rẹ̀ wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 21. Ẹ kíyèsí i pé ohun tí Áhábù fi lọ Nábótì kì í ṣe ohun kékeré: ọgbà àjàrà tí ó sàn ju tirẹ̀ lọ, tàbí iye tí ó tó o ní owó. Bí ó bá ṣe ti owó nìkan ni, a kò ní rí ẹ̀bi Áhábù. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ọgbà ewébẹ̀ ti ara rẹ̀ ni ó fẹ́ dá, kì í ṣe ànfàní ìlú. Àti pé nígbà tí Nábótì kọ̀ láti fi ogún bàbá rẹ̀ sílẹ̀, a gba ọ̀nà ẹ̀yìn, a fi ẹlẹ́rìí èké pa á, ọba sì sọ̀kalẹ̀ lọ jogún ilẹ̀ òkú. Owó tí ó pọ̀ kò lè wẹ ọ̀nà wíwọ́ mọ́.

Ọba kejì ni Dáfídì, nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 24. Àjàkálẹ̀ àrùn wà ní Ísírẹ́lì. Dáfídì sì nílò ilẹ̀ ìpakà Aráúnà láti tẹ́ pẹpẹ fún Olúwa, kí àrùn náà lè dáwọ́ dúró. Kò sí ohun tí ó lè jẹ́ ti gbogbo ìlú ju èyí lọ. Ará Jébúsì ni Aráúnà, kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì. Dáfídì ni ó sì ti gba ìlú mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, Aráúnà fẹ́ fi ilẹ̀ náà àti àwọn màlúù rẹ̀ tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀ Dáfídì kọ̀. Ó ní òun kò ní fi ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan rú ẹbọ sí Olúwa, ó sì san 50 ṣékélì fàdákà. Èéṣe? Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé rere tí gbogbo ènìyàn yóò jọ jẹ, kò tọ́ kí ẹnì kan ṣoṣo dá san owó rẹ̀. Gbogbo Ísírẹ́lì ni àrùn náà yóò fi sílẹ̀. Kí ló dé tí Aráúnà nìkan yóò fi pàdánù ilẹ̀ ìpakà? Nígbà tí ọba san owó náà, ìlú ni ó san án.

Ìdí ọ̀rọ̀ wa wà níbí yìí. Bí ọ̀nà bá jẹ́ ti ẹgbàárùn-ún ènìyàn, tí ilẹ̀ tí a fi ṣe é sì jẹ́ ti ẹnì kan, ẹni yìí ti dá ru ẹrù tí ó yẹ kí gbogbo wọn jọ rù. Owó tí wọ́n bá san fún un ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba ìpín tiwọn nínú ẹrù náà. Kì í ṣe àánú rárá. Gbèsè ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí ní ilẹ̀ wa, ó sì yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún ìlò gbogbo ènìyàn, lábẹ́ òfin tí a ṣe ní ọdún 1903. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, ẹni tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Olúwa ní Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ onífìlà funfun tí í ṣe onílẹ̀ Èkó, bèèrè owó ilẹ̀ náà fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga tí ó wà ní Èkó dá a lóhùn pé kì í ṣe òun ni ó ni ilẹ̀ bí a ti ń ni nǹkan ní tòótọ́. Àṣẹ láti máa bojútó o nìkan ni ó ní, nítorí náà owó àṣẹ yẹn nìkan ni a lè san fún un.

Olóyè náà kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ti Ọba ní London, tí a ń pè ní Privy Council. Ní ọdún 1920 ó rékọjá òkun lọ sí ibẹ̀, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Awọnlẹ̀ ni Macaulay yìí. Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni í ṣe. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà T. B. Macaulay, ni ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ gíga ti C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Ní oṣù Keje ọdún 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́ náà. Ìgbìmọ̀ náà wí pé kò tọ́ kí a máa fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti ẹbí àti ti àdúgbò. Pé bí a ti fi Èkó lé Ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọdún 1861 kò mú ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn lórí ilẹ̀ wọn kúrò. Àti pé kí a san owó náà bí ẹni pé àwọn ará àdúgbò náà ni ó ni ilẹ̀ pátápátá, kí olóyè sì gbà á fún ara rẹ̀ àti fún wọn. Ọdún mẹ́jọ ni ó gbà wọ́n kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ẹjọ́ ti Èkó ti wọn ẹ̀tọ́ olóyè nìkan. Ìgbìmọ̀ ti London wọn ohun tí gbogbo àwọn ènìyàn náà pàdánù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin gbà-máà-bínú àti gbèsè nìyẹn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù, èyíinì ni nígbà tí a kò gba gbogbo ilẹ̀, tí ó jẹ́ pé a bù nínú rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ó ní éékà mẹ́wàá. Odò wà ní ìsàlẹ̀ oko náà, ilé rẹ̀ wà ní òkè, kòkó sì wà láàrin. Ìjọba la ọ̀nà gba àárín oko kọjá, ó sì gba éékà kan. Akọ̀wé ìjọba yóò ní, ọ̀kan nínú mẹ́wàá ni a gbà, ẹ san owó ọ̀kan nínú mẹ́wàá fún un. Lójú ìṣirò, kò parọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ìdámẹ́wàá ni ọkùnrin yìí pàdánù? Ọ̀nà ti ya odò nípa kúrò lọ́dọ̀ ilé. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí ń pọn omi ní láti kọjá níwájú ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀gbàrá tí ń ṣàn bọ̀ láti ojú títì ń wọ́ ilẹ̀ ìdí kòkó lọ. Igun kan tí ó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tóóró débi pé kò ṣeé dáko, kò sì ṣeé kọ́lé. Bí ènìyàn bá gé ọ̀pá aṣọ kan kúrò láàrin agbádá, kò lè sọ pé ọ̀pá kan péré ni òun gbà, nítorí pé ohun tí ó ṣẹ́kù kì í ṣe agbádá mọ́.

Àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí èyí láti ọdún 1845, nígbà tí ojú irin ń la oko àwọn ènìyàn wọn kọjá. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún náà wí pé kí a san owó ilẹ̀ tí a gbà, kí a sì tún san owó ìpalára tí ìpínyà náà ṣe fún ilẹ̀ tí ó ṣẹ́kù. Ó tún wí pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni ta apá kan ilé rẹ̀, bí ó bá ṣetán láti ta gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ yàrá iwájú, kí ó múra láti ra ẹ̀yìnkùlé.

Kí ni òfin ilẹ̀ wa wí? Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1978, tí a ṣì ń lò títí di òní, fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ Gómìnà, kí ó máa dì í mú fún ànfàní gbogbo ènìyàn. Abala 29 rẹ̀ ni ó sọ ohun tí a ó san. Fún ilé, a ó san iye tí a lè fi kọ́ irú rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ohun tí ọjọ́ ogbó ti jẹ nínú rẹ̀. Fún irúgbìn, a ó san iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá dá lé e. Ṣùgbọ́n fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, iye owó ilẹ̀ tí ẹni náà san ní ọdún tí a gbà á ni a ó san padà, bí ó bá san rárá. Ẹni tí kò san nǹkan kan, nítorí pé oko bàbá rẹ̀ ni, kò ní nǹkan kan láti gbà lórí ilẹ̀ gan-an. Bí ó bá sì jẹ́ apá kan ilẹ̀ ni a gbà, òfin náà ní kí a pín owó ilẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ibi tí a gbà ti rí sí gbogbo rẹ̀. Ìdámẹ́wàá ilẹ̀, ìdámẹ́wàá owó. Níbẹ̀, abala náà kò ka ìpalára ilẹ̀ tí ó ṣẹ́kù sí. Ẹ̀yin tí ẹ fi etí sí ìtàn Àpápá yóò rí i pé a ti padà sí ibi tí ilé ẹjọ́ Èkó wà kí ọdún 1921 tó dé.

Òtítọ́ ni pé Òfin Ìpìlẹ̀ ti ọdún 1999, ní abala 44, wí pé kí a san owó náà láìjáfara, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì lè lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí iye rẹ̀. Òfin ti 1978, ní abala 47, sì wí pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà tó. Iṣẹ́ àwọn amòfin ni láti tú okùn yẹn. Tiwa ni láti béèrè ohun tí ó tọ́ níwájú Ọlọ́run. Ìdáhùn mi sì ni pé ohun tí olówó ilẹ̀ pàdánù ni òṣùwọ̀n, kì í ṣe ohun tí ìjọba rí gbà.

Àwọn ènìyàn rere wà tí wọn kò gbà bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí a dá wọn lóhùn.

Èkíní, àwọn kan ní, ti Olúwa ni ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sínú Ìwé Léfítíkù, orí 25. Àlejò lásán ni wá lórí rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí náà gan-an ni Ọlọ́run ti pàṣẹ pé kí ilẹ̀ tí ó bọ́ lọ́wọ́ tálákà padà sí ilé rẹ̀ ní ọdún Júbílì. Pé Ọlọ́run ni ó ni ilẹ̀ kò sọ ọ́ di ti aláṣẹ. Nínú Ìwé Ìsíkíẹ́lì, orí 46, a kọ̀ fún ọmọ aládé láti gba ogún àwọn ènìyàn kí ó fi lé wọn kúrò. Nínú ohun ìní tirẹ̀ ni kí ó ti fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Èkejì, wọ́n ní, ọ̀nà tí ìjọba là ti sọ ilẹ̀ tí ó ṣẹ́kù di olówó iyebíye; èrè yẹn ti tó o, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní ọgbọ́n nínú, ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọnìkejì rẹ̀ tí oko tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kan náà, tí a kò fọwọ́ kan ewé kan níbẹ̀. Ilẹ̀ tirẹ̀ pàápàá ti gbówó lórí, kò sì san kọ́bọ̀. Èéṣe tí ẹni tí a bù lára yóò fi ra ohun tí ẹni tí a kò bù lára gbà lọ́fẹ̀ẹ́? Bí ìjọba bá ṣe ohun kan fún un tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, bí afárá sí ẹnu ọ̀nà oko rẹ̀, ó tọ́ kí a kà á sí i. Èyí tí gbogbo àdúgbò jọ jẹ, kí a má ṣe kọ ọ́ sí ọrùn ẹnì kan.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní, owó ìlú ni owó ìjọba. Ẹni tí ó bá gbà ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ ti ja opó àti ọmọ aláìníbaba lólè. Mo gba èyí pátápátá. A mọ àwọn tí wọ́n ń sáré lọ gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ lóru nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé awọnlẹ̀ ń bọ̀, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ ẹni tí kò sí. Ìwé Diutarónómì, orí 25, kọ oríṣi òṣùwọ̀n méjì nínú àpò kan. Bí a kò ti fẹ́ kí ìjọba fi òṣùwọ̀n kékeré wọ̀n fún wa, bẹ́ẹ̀ ni kí àwa náà má ṣe gbé òṣùwọ̀n ńlá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ń béèrè gbèsè, iye tí a jẹ ẹ́ ni kí ó béèrè.

Ó kù kí n sọ ohun tí ó kan olúkúlùkù wa.

Ẹ̀yin olórí ẹbí, òfin fi àyè sílẹ̀ kí Gómìnà san owó ilẹ̀ àdúgbò sí ọwọ́ olóyè tàbí olórí wọn, kí ó lò ó fún ànfàní gbogbo wọn. Àwọn bàbá wa kà á sí pé àwọn tí ó ti kú, àwọn tí ó wà láàyè, àti àwọn tí a kò tí ì bí, ni ó jọ ni ilẹ̀. Ilẹ̀ a máa dúró de ọmọ tí a kò tí ì bí. Owó kì í dúró. Nítorí náà, ẹni tí ó gba owó yìí tí ó fi ra ọkọ̀ fún ara rẹ̀, tí ó gbàgbé àwọn ọmọbìnrin ilé, opó, àti àlejò tí ó gbin igi sórí ilẹ̀ náà, ti ṣe sí wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ráhùn pé ìjọba ṣe sí òun.

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, ìwé tí ó wà lórí tábìlì yín lè jẹ́ ti arúgbó kan tí kò ní ilé mìíràn. Kí ẹ dá a dúró títí tí yóò fi mú nǹkan wá, olè ni. Kí ẹ sì jẹ́ kí ó pẹ́ títí tí owó náà kò fi ní lè ra nǹkan mọ́, òun náà kò jìnnà sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ran àwọn tí kò mọ̀wé lọ́wọ́. Ẹ bá wọn ka igi kòkó wọn, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí katakata tó dé. Ẹ bá wọn tọ́jú ìwé ilẹ̀ wọn. Ẹ kọ lẹ́tà wọn, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ka sí ohun tí a kò kà sí wọn létí.

Àti àwa ìjọ pẹ̀lú: nígbà tí a bá fẹ́ mú ọgbà ìjọ fẹ̀, tí ilẹ̀ opó kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kí a má ṣe fi orin àti àdúrà rọ̀ ọ́ títí tí yóò fi yọ̀ǹda ohun tí kò fẹ́ yọ̀ǹda. Ẹ rántí Dáfídì. Pẹpẹ Ọlọ́run ni ó fẹ́ tẹ́, síbẹ̀ ó san owó ilẹ̀.

Èmi kò ní agbára láti yí orúkọ tí gbogbo ayé ń pe owó yìí padà. A ó ṣì máa pè é ní gbà-máà-bínú. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn wa, àti nígbàkígbà tí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ tiwa ni yóò san án tàbí tí yóò gbà á, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n sí gbèsè. Kí Olúwa, ẹni tí ó kórìíra òṣùwọ̀n èké, fún àwọn aláṣẹ wa ní ọkàn Dáfídì, kí ó sì pa wá mọ́ kúrò nínú ẹ̀mí Áhábù. Àmín.